Ìbẹ̀rù Eruku Átọ́míìkì Kò Tó Ohun Tí Ń Léni Kúrò ní Omole

Eruku átọ́míìkì ni yẹ̀pẹ̀, òkúta àti irin tí bọ́ǹbù átọ́míìkì gbé lọ sókè nígbà tó bú, tó sì wá ń rọ̀ padà sílẹ̀ pẹ̀lú ìtànṣán olóró lára rẹ̀. Èyí tó ń jáde láti inú ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́míìkì tó bàjẹ́ náà ń bá afẹ́fẹ́ rìn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ti gbóná ní 2022, àti lẹ́yìn tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí àwọn ibùdó átọ́míìkì Iran ní oṣù kẹfà 2025, èrò kan ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn: pé ẹni tó bá gbọ́n yóò ti wá ibòmíràn lọ kí ọ̀ràn tó débi tí kò ṣe é sá mọ́. Ní Omole Phase 1 àti Phase 2, láàárín Ògbà, Agídíngbì, Òjódù-Berger àti Ìṣẹrí, èrò yìí rọrùn láti gbà. Ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ ló ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun, wọ́n sì tún ní ilé ní ìlú bàbá wọn. Ibi tí wọn yóò sá lọ kò ṣòro láti dárúkọ.

Ìgbàgbọ́ méjì ló gbé èrò náà ró. Èkíní ni pé ibi kan ni ewu náà ń gbé, nítorí náà jíjìnnà ni òògùn rẹ̀. Èkejì ni pé sísá kì í pani, pé ẹni tó bá sá lásán, owó ọkọ̀ nìkan ló pàdánù. Kò sí òótọ́ nínú èkíní, èkejì sì ti pa ènìyàn púpọ̀, ní Ìkẹjà pàápàá.

Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti mọ eruku átọ́míìkì rí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1960, Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sahara ní Algeria. Agbára rẹ̀ tó 70 kilotọ́ọ̀nù, ó ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tó run Hiroshima lọ. Reggane jìnnà sí Èkó ní ohun tó lé ní 2,000 kìlómítà, ṣùgbọ́n àsìkò ọyẹ́ ni, àsìkò tí afẹ́fẹ́ ń ru iyẹ̀pẹ̀ aṣálẹ̀ náà gan-an wá sórí fèrèsé àti àwo oúnjẹ àwọn ará Èkó. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ eruku ọyẹ́ lásán yàtọ̀ sí èyí tó ti Reggane wá. Bí ìbẹ̀rù bá tó ohun tí ń lé ìlú kúrò nílẹ̀, ọdún yẹn ni ìbá lé e.

Ohun tí Nàìjíríà ṣe nígbà náà yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí èrò tó gbòde lónìí ń pè ní ọgbọ́n. Tafawa Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, ti gbé ẹjọ́ náà lọ sí London ní 1959 kí bọ́ǹbù náà tó bú. Ní ìparí ọdún kan náà, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan gbéra láti Accra, Michael Scott àti Bayard Rustin wà lára wọn, pẹ̀lú èrò pé àwọn yóò wọ inú aṣálẹ̀ náà lọ dúró síwájú bọ́ǹbù. Àwọn aláṣẹ Faransé dá wọn dúró ní Upper Volta. Nàìjíríà gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ìtànṣán kalẹ̀ pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Faransé sì yin ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá 1960, Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 1961, ó fún Raymond Offroy, aṣojú Faransé, ní wákàtí 48 kí ó kúrò ní Èkó, ó sì ti èbúté àti pápákọ̀ òfurufú mọ́ ọkọ̀ Faransé. Ní 1964, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àpapọ̀ kan sílẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì Yunifásítì Ìbàdàn láti máa wọn ìtànṣán inú àyíká. Kò sí ibì kankan nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyí tí wọ́n ti ní kí ará Kano tàbí ará Ìkẹjà palẹ̀ ẹrù mọ́. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì bá ẹni tó ń da eruku náà sílẹ̀ jà. Ìdáhùn ènìyàn tó mọ ohun tó ń ṣe nìyẹn, ó sì yẹ kí ìran tó wà lóde lónìí mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ.

Àwọn tó ń gbèjà sísá ní ẹjọ́ kan tó lágbára níbí. Wọ́n ní ìjọba ń parọ́. Òótọ́ ni. Faransé sọ pé aṣálẹ̀ tí kò sí ènìyàn ni òun ń lò, nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbé Reggane. Àwọn ìwé ológun tí ìwé ìròyìn Le Parisien gbé jáde ní 2014 sì fi hàn pé eruku bọ́ǹbù àkọ́kọ́ náà tàn dé ilẹ̀ púpọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n irọ́ aláṣẹ kò sọ sísá di òtítọ́. Ẹni tí kò gba ìjọba gbọ́ tó wá gbọ́ ohùn aláìlórúkọ lórí WhatsApp, tó sì di ẹrù rẹ̀, ọwọ́ òpùrọ́ kan ló ti bọ́ sọ́wọ́ òpùrọ́ mìíràn. Ohun tó ń tú irọ́ fó ni ẹ̀rọ tí ń wọn ìtànṣán, ní ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ti Faransé. Ìdí tí wọ́n fi dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku bí eruku náà ṣe ń ṣe gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ àkọ́kọ́ ti wó. Èyí tó wúwo nínú eruku bọ́ǹbù ń rọ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́, ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ dorí kọ. Èyí tó fúyẹ́ ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ó ń kú lójú ọ̀nà. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé bí àkókò tó kọjá lẹ́yìn ìbúgbàmù bá di ìlọ́po 7, agbára ìtànṣán rẹ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú 10. Ohun tó wà nílẹ̀ ní wákàtí kìíní yóò ku ìdá kan nínú 10 ní wákàtí keje, ìdá kan nínú 100 ní bí ọjọ́ 2, àti ìdá kan nínú 1,000 ní bí ọ̀sẹ̀ 2. Àkókò ló ń pa oró náà, àkókò yìí kan náà ni ẹni tó wà lójú títì kò ní. Wákàtí tí eruku gbóná jù lọ ni wákàtí tí ọkọ̀ yóò kún Òpópónà Ògúnnúsì títí dé Berger, tí gbogbo ènìyàn yóò wà nínú ọkọ̀ tí páànù rẹ̀ kò lè dá ìtànṣán dúró. Ẹni tó bá sá kò sì mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà. Ó ṣeé ṣe kí ó máa bá eruku náà rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà láti Òjódù títí dé Ṣágámù.

Ilé Omole, ní tirẹ̀, kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú dẹ́kìn kọnkéré lórí ìsàlẹ̀. Yàrá àárín ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀, tó jìnnà sí fèrèsé àti òrùlé, lè dín ìtànṣán tó ń kan ènìyàn kù sí ìdá kan nínú 10, tàbí kó tún kéré sí i. Nínú ilé alájà púpọ̀ ó máa ń dín kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi bòrehóòlù tó wà nínú tánkì tí wọ́n dé kò ní ohunkóhun tí a ó bẹ̀rù, nítorí orí ilẹ̀ ni eruku ń bà sí. Gàárì, ìrẹsì àti ẹ̀wà inú ike tí wọ́n dé dáadáa náà kò léwu. Aṣọ tí ènìyàn wọ̀ bọ̀ láti ìta ni kó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, kí ó fi omi àti ọṣẹ fọ ara àti irun. Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ di ibi ikú ni jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n bá gbé wọlé tàbí tí wọ́n fi sí ẹnu fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa gbogbo ilé lójú oorun, kò sì dúró de ogun kankan kó tó pa wọ́n.

Ìgbàgbọ́ kejì, pé sísá kì í pani, ní ìdáhùn tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní agbègbè Ìkẹjà gbàgbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìíní 2002, iná ran ilé ìkó-ohun-ìjà-sí tó wà ní bárékè ológun Ìkẹjà. Bọ́ǹbù ń bú lọ́kọ̀ọ̀kan fún wákàtí púpọ̀, ilẹ̀ ń mì, òfúrufú pọ́n. Kò sí ẹni tó sọ fún àwọn ará ìlú ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní ìfipágbàjọba ni, àwọn kan ní ogun ti dé. Àwọn ènìyàn sá jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bàbá kò mọ ibi tí ìyá wà, ọmọ já lọ́wọ́ ìyá. Nínú òkùnkùn, ogunlọ́gọ̀ wọn já sí ìhà Òkè-Àfà, níbi tí ewéko ti bo ojú omi kánààlì débi tó dà bíi pápá. Àwọn tó wà níwájú wọnú rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń tì wọ́n. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn ló sì jẹ́ pé omi kánààlì ló gbé wọn, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ẹ̀yà bọ́ǹbù kankan kò bà wọ́n. Ká ní wọ́n dúró sínú ilé wọn ní Ìsọlọ̀ tàbí Ejigbo ni, wọn ìbá jí ní ọjọ́ Ajé. Ikú wọn kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹ̀bi àwọn tó yẹ kó sọ òtítọ́ fún wọn láàárín wákàtí àkọ́kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì ń wí lẹ́yìn Òkè-Àfà pé “kí a kọ́kọ́ sá ná, kò sí ohun tó burú níbẹ̀,” kò tíì rò ó dé ìdí.

Títì tí ará Omole yóò gbà sá náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2018, ọkọ̀ epo kan dojú dé ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá, nítòsí Berger, iná sọ, ó jó ju ọkọ̀ 50 lọ, ènìyàn sì kú nínú ọkọ̀ tí kò rí ọ̀nà lọ. Ọjọ́ iṣẹ́ lásán ni o, kì í ṣe ọjọ́ tí gbogbo Èkó ń sá.

Japan fi owó àti ètò tó ju ti Nàìjíríà lọ dán sísá wò. Lẹ́yìn tí omi òkun ya lu ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì Fukushima ní oṣù kẹta 2011, wọ́n kó ohun tó lé ní 150,000 ènìyàn kúrò nílé. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìtànṣán kò rí àìsàn tó ṣeé tọ́ka sí pé ìtànṣán ló fà á láàárín àwọn ará ìlú. Síbẹ̀ ìjọba ẹkùn Fukushima fúnra rẹ̀ ti ka ohun tó lé ní 2,000 ikú sí ọrùn ìpọ́njú tó tẹ̀lé àjálù náà, sísá kúrò nílé sì wà lára rẹ̀: àwọn arúgbó tí wọ́n gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sínú bọ́ọ̀sì fún wákàtí púpọ̀, àwọn tó pàdánù òògùn wọn, àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì pa ní ibùdó àlejò. Màmá ẹni ọdún 80 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Omole, tí dókítà rẹ̀ wà ní Ìkẹjà, kò ní yè ju wọn lọ bí wọ́n bá gbé e lọ sí abúlé tí kò sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ tí àwọn kan ń pè ní òògùn náà kò gbọdọ̀ fara sin, nítorí ó sábà ń bá ìbẹ̀rù yìí rìn. Ní oṣù kẹjọ 2014, nígbà Ebola, ọ̀rọ̀ kan tàn ká Nàìjíríà lóru ọjọ́ kan pé kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, àwọn kan kú. Ní 2011, àwọn ará China náà ti ra iyọ̀ tán lọ́jà nítorí Fukushima. Iodine inú iyọ̀ kéré débi pé iyọ̀ á ti pa ẹni tó ń mu ún kí iodine rẹ̀ tó ṣe ẹṣẹ́ táírọ́ìdì inú ọrùn láǹfààní. Hóró òògùn iodine tí àwọn dókítà mọ̀ sì wà fún ìtànṣán irú kan ṣoṣo, iodine-131, èyí tí agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní gbogbo ọjọ́ 8. Inú wàrà ló ti ń wọlé sára ọmọdé jù lọ: màlúù jẹ koríko tí eruku bà lé, ọmọ mu wàrà rẹ̀. Lẹ́yìn Chernobyl ní 1986, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé ní Ukraine, Belarus àti Rọ́ṣíà ni jẹjẹrẹ táírọ́ìdì mú nítorí pé kò sí ẹni tó dá wàrà dúró lákòókò. Bí ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ bá dé Èkó, wàrà màlúù tó ń jẹ̀ níta àti ẹ̀fọ́ tí kò sí òrùlé lórí rẹ̀ ni kí àwọn òbí Omole kọ́kọ́ yẹra fún. Èyí kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni ṣí nípò.

Ìbéèrè kan tí àwọn alátìlẹ́yìn sísá kì í fẹ́ dáhùn ni ibi tí wọ́n ń lọ. Bí ó bá jẹ́ Abẹ́òkúta, orí àpáta ni wọ́n ń lọ, àpáta irú ti Olúmọ sì ní èròjà uranium àti thorium tó ju ti iyanrìn etíkun Èkó lọ. Ìtànṣán tó ń jáde lójoojúmọ́ láti inú ilẹ̀ níbẹ̀ ju ti Omole lọ, àwọn ará Abẹ́òkúta sì ń gbé lórí rẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún láìsí ìbẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ London tàbí Toronto, wọ́n ń lọ sí orílẹ̀-èdè tó ní bọ́ǹbù átọ́míìkì fúnra rẹ̀, tàbí sí ìlú tí ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì Pickering wà ní ẹ̀bá rẹ̀. Ìdí mìíràn lè wà tí ènìyàn fi lọ sí London, iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ọmọ, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn jà. Kí wọ́n má ṣáà pè é ní sísá fún átọ́míìkì. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kò ní ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì kankan. Koeberg ní Gúúsù Áfíríkà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ẹ̀rọ ìwádìí átọ́míìkì tó wà ní Zaria láti 2004 àti èkejì rẹ̀ ní Accra kò ju bíi 35 kìlówáàtì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí agbára jẹnẹrétọ̀ ńlá kan lẹ́yìnkùlé ilé Omole. Àdéhùn Pelindaba, tó di òfin ní 2009, ti ka ohun ìjà átọ́míìkì léèwọ̀ ní gbogbo Áfíríkà.

Kì í ṣe pé kò sí ìgbà tí kíkó kúrò tọ́. Wọ́n jẹ̀bi tí wọn kò tètè kó àwọn ará Pripyat kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chernobyl. Àwọn ará erékùṣù Rongelap ní òkun Pàsífíìkì, tí eruku bọ́ǹbù Amẹ́ríkà bà lé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 1954, dúró bí ọjọ́ 2 kí ọkọ̀ tó dé, wọ́n sì jìyà rẹ̀ ní awọ ara àti táírọ́ìdì wọn. Ohun tó ya wọn sọ́tọ̀ ni pé eruku ti wà lórí ilẹ̀ wọn, ó ṣeé wọ̀n, ó sì pọ̀. Ìtànṣán tó ń kan ènìyàn láti inú ilẹ̀, oúnjẹ àti òfúrufú ní gbogbo ayé jẹ́ nǹkan bíi 2.4 millisievert lọ́dún. Japan fi 20 ṣe ààlà tí ènìyàn fi ní láti kúrò nílé. Kí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tó wà nílẹ̀ fún Omole, títa ilé, yíyọ ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ àti fífi ìyá arúgbó sínú mọ́tò jẹ́ ìpalára tó dájú nítorí ewu tí kò sí ẹni tó rí i.

Ewu ìtànṣán tó lè kan agbègbè Ìkẹjà àti Agége ní tòótọ́ kéré lójú, kò sì gbé ìròyìn. Inú kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ló lè gbà wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń lo èròjà olóró kékeré tí wọ́n dì sínú irin láti wo bí ohun mímu ṣe kún agolo tàbí bí páànù ṣe nípọn tó. Àwọn ilé ìwòsàn ń lò ó fún jẹjẹrẹ. Àwọn awakùsà epo ń lò ó nínú kànga. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé, bí púpọ̀ ti ṣe ní agbègbè yìí, ẹ̀rọ rẹ̀ di irin àlòkù. Ní Goiânia, ní Brazil, ní oṣù kẹsàn-án 1987, àwọn méjì yọ irú èròjà bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti pa tì, wọ́n tà á fún oníirin àlòkù. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń tàn ní òkùnkùn, àwọn ọmọdé fi ṣeré. Ènìyàn 4 kú, wọ́n sì ní láti yẹ ohun tó lé ní 110,000 wò. Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ní oṣù kejìlá 2002, èròjà olóró tí wọ́n fi ń wá epo sọnù ní Niger Delta. Jámánì ni wọ́n ti rí i ní ọdún tó tẹ̀lé e, láàárín irin àlòkù.

Àjọ tó ń mójú tó ọ̀ràn yìí wà, NNRA, tí òfin 1995 dá sílẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Ilé ìwádìí rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn. Agbára tí àwọn ẹgbẹ́ onílé Omole ń lò láti bẹ̀rù Rọ́ṣíà ni kí wọ́n fi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó gbé iye ìtànṣán Ìkẹjà jáde fún gbogbo ènìyàn lóṣooṣù, kí ó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sí ẹnu ọ̀nà àwọn àgbàlá irin àlòkù àti ilé ìyọ́-irin, kí ó sì kọ́ àwọn ọmọ tó ń ti kẹ̀kẹ́ irin ní àmì ewé mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè àti dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara irú èròjà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi irin kan sílẹ̀ kí wọ́n sì pe àgbà.